Kí Ayọ̀ Ọwọ́ Wa Má Di Ebi Ẹlòmíràn: Ọ̀rọ̀ Lórí Igbá Fínfín

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sọ nílùú Ọ̀yọ́. Mo tún un tò kí ẹni tí kò sí níjókòó lè rí i kà.)

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Ọ̀wọ̀dé, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Awẹ́ wá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Akọ̀wé yín ní kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe lè fi iṣẹ́ ọnà tó ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ rí ayọ̀, kó sì rí owó díẹ̀ kún owó. Inú mi dùn pé ayọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ó bá jẹ́ ti owó nìkan ni, ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ní Akẹ̀sán láti àárọ̀ títí di alẹ́ mọ ọ̀nà rẹ̀ dunjú.

Igbá ni mo ń fín. Olùkọ́ ìṣirò ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan ládùúgbò wa, tí igbá fínfín jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn, ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ti di olóògbé, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn ni wọ́n là mí lójú pé ayọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ náà, tèmi nìkan ni, mo lè jẹ ẹ́ bó ṣe wù mí. Ṣùgbọ́n owó tí mo bá ń gbà lórí rẹ̀ kan ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá bá yín nìyẹn.

Ta ló lè sọ pé igbá ṣàjèjì sí òun nílùú yìí? Láyé àwọn ìyá wa, bí ọmọge bá ń lọ ilé ọkọ, tó ń sun ẹkún ìyàwó kiri ọ̀dọ̀ àwọn òbí àti ẹbí, igbá fínfín wà lára ẹrù tí wọ́n ń gbé tẹ̀ lé e. Igbá la fi ń bu ẹ̀kọ, igbá la fi ń dé ọbẹ̀, igbá la fi ń pàtẹ òrí. Àwọn bàbá wa tilẹ̀ máa ń sọ pé igbá méjì tí a dé pọ̀ ni ayé àti ọ̀run. Nígbà tí abọ́ tánganran dé, tí abọ́ oníke tẹ̀ lé e, wọ́n lé igbá kúrò nílé ìdáná. Wọn ò rí i lé kúrò níbi ìnáwó. Ẹ lọ wo ibi ìdána lónìí, ẹ ó rí igbá tí wọ́n fín dáadáa láàárín ẹrù ìyàwó. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ fáwọn ọ̀dọ́ pé iṣẹ́ yìí kò tíì kú rárá.

Igbá tí mò ń sọ, kì í ṣe orí igi ló ti ń so. Ìtàkùn ni, a máa fà nílẹ̀, a sì máa gun ọgbà. Ìran kan náà ni òun àti akèrègbè tí a fi ń gbé ẹmu, àdó tí a fi ń tọ́jú oògùn, ahá tí a fi ń bu omi, àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí a ń lù. Ní 2014, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ DNA igbá àtijọ́ wò rí i pé igbá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò kí òyìnbó kankan tó débẹ̀, Áfíríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Wọ́n gbà pé ńṣe ló léfòó lórí òkun dé ọ̀hún. Mo máa ń sọ èyí fún ọmọ tó bá ń wo igbá bí ohun ará oko. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí ti dá òkun kọjá kí ọkọ̀ ojú omi tó máa ná an.

A kì í já igbá ní tútù. Ẹ jẹ́ kó gbó lára ìtàkùn, kí èèpo rẹ̀ le. Bí ẹ bá já a láìgbó, yóò hunjọ. Ẹ fi ayùn là á sí méjì, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi títí inú rẹ̀ yóò fi rà, ẹ ha á dáadáa, ẹ sá a gbẹ. Ìdí gbígbẹ yìí ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Igbá tó bá ṣì tutù nínú yóò bu, kòkòrò á sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti fín in tán, nígbà tí oníbàárà ti sanwó, tó ti gbé e rèlé. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn yóò fi jẹun, ẹ kọ́kọ́ bu omi sí i mọ́jú, kí ẹ tọ́ omi náà wò. Bó bá korò, ẹ dà á nù, ẹ tún òmíràn bù sí i, títí ìkorò náà yóò fi lọ. Èyí tí ìkorò rẹ̀ bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ fi í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ má fi jẹun. Ẹ má sì kun fáníìṣì sínú igbá oúnjẹ láé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo ìbòmú bí ẹ bá ń ha igbá. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá. Mo rí àwọn tó ń wúkọ́ tí wọ́n rò pé òtútù ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìlà, tí a fi ń pín etí igbá sí mẹ́fà dọ́gba kí a tó fín in. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìṣirò yóò rántí pé bí a bá ṣí kọ́ńpáàsì tó ìdajì ìbú òbìrípo, tí a fi ń tọ etí òbìrípo náà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà gééré ló máa ń yí i ká. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbé lọ sọ́dọ̀ bàbá nìyẹn. Wọ́n wò mí, wọ́n mú okùn, wọ́n ká a mọ́ etí igbá, wọ́n gé e níbi tó ti pàdé, wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́fà, wọ́n fi sàmì. Mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀nà tiwọn dára ju tèmi lọ: kò sígbá tó rí róbótó tán, kọ́ńpáàsì ò sì mọ̀. Okùn máa ń tẹ̀ lé etí igbá bó ṣe rí, ibi tó bá wọ́ sí, okùn á wọ́ tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú tí mo fi ń wo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti yí padà. Ìṣirò wà níbẹ̀, orí okùn ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Nígbà tí ọ̀bẹ bá wọ ara igbá, ó máa ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èèpo òkè tó pọ́n bí pupa inú ẹyin á ká sókè, tẹ́ẹ́rẹ́, á bọ́ sórí itan yín, funfun abẹ́ rẹ̀ á yọ jáde. Ẹ ó fa ọ̀bẹ sọ́dọ̀ ara yín, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ kejì yí igbá náà, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ibi tí ẹ bá ha ni yóò funfun, ibi tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni yóò di alángbá, tàbí ẹyẹ, tàbí okùn tó lọ́ mọ́ra. Nítorí náà, àwòrán yín ni ohun tí ẹ kò fọwọ́ kàn. Ó máa ń pẹ́ kí èyí tó yé ẹni tó ń kọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣe tán, ewé eépín ni kí ẹ fi ra á. Sáńpépà wà lọ́jà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ara igbá tí eépín bá kọjá lórí rẹ̀ yàtọ̀, a máa dán láìfi epo kùn ún.

Bí mo bá jókòó sídìí igbá, n kò lè máa ro ìjà tí mo gbọ́ lánàá tàbí owó tí ẹnì kan jẹ mí. Bí ọkàn bá kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ọ̀bẹ á yọ̀. Ìsinmi tí mò ń rí níbẹ̀, n kò rí i nídìí tẹlifíṣọ̀n, n kò rí i nínú oorun ọ̀sán pàápàá. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Drexel lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà 39 ṣe iṣẹ́ ọnà fún ìṣẹ́jú 45. Wọ́n yẹ itọ́ wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wá cortisol, ohun tó máa ń pọ̀ lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni tiwọn lọ sílẹ̀. Ohun tó sì dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí kò ṣe é rí, ọgbọọgba ni wọ́n rí ànfààní yẹn gbà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò lẹ́bùn rẹ̀. Ẹ̀bùn lè pọn dandan fún títà. Ayọ̀ ò bèèrè rẹ̀.

Tí igbá kọ́ lẹ bá fẹ́, Ọ̀yọ́ ò ṣaláìní òmíràn. Àwọn oníṣẹ́ awọ tó ń rán tìmùtìmù ṣì wà, awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi pòròporo ọkà bàbà rẹ pupa ṣì ń wù mí í wò. Ìlẹ̀kẹ̀ sísin wà, aṣọ òkè híhun wà. Ọ̀rọ̀ owó tí mo fẹ́ sọ yìí kan gbogbo wọn.

Kí n tó débẹ̀, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà láàárín wa, ẹ fetí sílẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Karùn-ún, kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kíkún láyè láti máa ṣòwò àdáni, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á láyè láti máa ṣe iṣẹ́ mìíràn gbowó fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ má torí mi ṣẹ̀ sófin o. Ẹ fín igbá fún ìgbádùn ara yín, ẹ fi ta ẹbí àti ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Bó bá sì jẹ́ owó lẹ fẹ́ rí nídìí rẹ̀, ẹ gbin igbá! Àgbẹ̀ ni ẹni tó gbin igbá, àwọn tó ń fín in sì máa ń wá igbá tó gbó dáadáa kiri. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ara yín, ọ̀nà ti là fún wa láti fín in ká sì tà á.

Ọ̀rọ̀ iye tó yẹ ká tà á ló kù. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí, torí ó ń dùn mí.

Ẹni tó ní owó oṣù tàbí owó ìfẹ̀yìntì máa ń fín igbá tán, inú rẹ̀ á dùn, wọ́n á bi í pé èló ni, á ní, “Ẹ mú ohunkóhun wá, eré ọwọ́ ni.” Ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ ló jọ létí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ra igbá òfìfo ní ₦1,500, ẹ ná ₦300 lórí ohun ìkùn, ẹ wọ ọ̀kadà ₦400. Owó tó jáde lápò yín jẹ́ ₦2,200. Ká ní ẹ lo wákàtí mẹ́fà lórí rẹ̀. Oníbàárà ní òun ní ₦3,000, ẹ gbà á. Èrè yín jẹ́ ₦800, ìyẹn nǹkan bí ₦133 fún wákàtí kan. Ta ni nínú yín tí yóò gba ọmọ síṣẹ́ ní iye yẹn tí ojú kò ní tì í?

Kò ká yín lára, torí owó mìíràn ń wọlé. Ṣùgbọ́n oníbàárà yẹn yóò kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí igbá fínfín ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìran rẹ̀ wá, tó ń fi owó rẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ. Ìyẹn yóò pe ₦7,000. Oníbàárà á fi í rẹ́rìn-ín, á ní, “Tíṣà kan tà á fún mi ní ₦3,000, tiwọn tilẹ̀ tún dán ju tiyín lọ.” Kí ni kí ọkùnrin yẹn wá ṣe? Bó bá gbà, ebi. Bí kò bá gbà, ebi. Ọmọ rẹ̀ tó ń wò ó kò ní kọ́ iṣẹ́ náà, ọ̀kadà ni yóò lọ máa gùn. Bí iṣẹ́ ìdílé ṣe ń parẹ́ lójú wa nìyẹn, abọ́ oníke nìkan kọ́ ló pa á. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ jù lè jẹ́ ẹni tí yóò pa á.

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la óò bá a pè é. Bó bá pè é ní àkáragbá, a ó bá a fi kólẹ̀. Ní tiwa, igbá onígbá la tún ń bá wọn pè ní àkáragbá.

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé ohun méjì péré ni kí ẹ máa ṣe: ẹ fi í ta ẹni yín lọ́rẹ pátápátá láìgba kọ́bọ̀, tàbí kí ẹ tà á ní iye tí ẹni tó ń jẹun nídìí rẹ̀ ń tà á. Ẹ má dúró sáàárín. Kí ẹ tó dá iye lé e, ẹ lọ kí àwọn tó ni iṣẹ́ náà, ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń tà á. Mo mọ̀ pé ó máa ń tini lójú láti pe owó gọbọi lórí iṣẹ́ tí a gbádùn. Ẹ pè é. Bí wọn ò bá rà á, ẹ gbé e kọ́ ara ògiri yín.

Ní ti bí a ṣe ń rí oníbàárà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n jù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní ìta, ní àárọ̀ tí oòrùn kò tíì mú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó, ẹ gbé e sórí WhatsApp. Ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀ kí ẹ tó fọ̀bẹ kàn án. Ẹ ní ìwé kékeré tí ẹ ń kọ owó rẹ̀ sí, kó má dà pọ̀ mọ́ owó ọbẹ̀. Igbá tí wọ́n lu ihò sí lára tí wọ́n fi gílóòbù LED sínú rẹ̀ ń tà gan-an báyìí fún yàrá àlejò. Ẹ rí i dájú pé LED ni, torí gílóòbù àtijọ́ máa ń gbóná, igbá gbígbẹ sì lè gbiná.

Ẹ mọ iye iṣẹ́ tí ẹ óò máa gbà. Èmi kì í gba ju iye tí mo lè fín láìfi ojú oorun ṣe é. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan fẹ́ gbé ogójì igbá fún mi láti fi ta àwọn àlejò rẹ̀ lọ́rẹ, mo mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ bàbá tó kọ́ mi. Wọ́n ṣe é, ó dára. Bí mo bá gba iṣẹ́ yẹn, ilé iṣẹ́ ni mo dá sílẹ̀ nìyẹn, ìsinmi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ì bá sì ti bá a lọ.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, wọ́n béèrè ìbéèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe bi mí pé ṣé kí òun fi iṣẹ́ òun sílẹ̀ gbájú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ sísin, torí ó ń tà. Mo ní, “Ọmọ mi, má tíì fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí ìwé owó rẹ yí ọdún kan po, kó rí ẹ̀ẹ̀rùn, kó rí òjò, kó rí oṣù tí kò síyàwó tí wọ́n ń gbé. Bí owó ìlẹ̀kẹ̀ nìkan bá bọ́ ọ nínú oṣù tó burú jù, wá bá mi, ká jọ sọ ọ́.”

Ìyá kan ní ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n, pé àwọn ò lè mú ọ̀bẹ mọ́. Mo ní, “Ìyá, ẹ má mú ọ̀bẹ o. Ẹ sin ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Okùn lásán ni, ẹ so kókó, ẹ ki ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ tún so kókó. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ìlẹ̀kẹ̀ ló máa bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní jáde.” Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn kan tó jẹ́ obìnrin máa ń ṣe é nígbà kan rí, àwọn yóò lọ bi wọ́n.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn fẹ́ mọ igbá tí òun yóò kọ́kọ́ rà. Mo ní kó má ra èyí tó dára rárá. Igbá tó ti fọ́, tí àwọn tó ń tà á kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni kó lọ bẹ̀ wọ́n fún, owó rẹ̀ kéré, bó bá sì bà á jẹ́, kò séwu. Èmi náà ní púpọ̀ nílé. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ kó mú ọ̀bẹ kékeré tó mú, pẹ́ńsùlù, òwú gígùn kan àti ìbòmú wá sí iwájú ilé mi ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. N kò ní gbowó.